Harisa Tí Wọ́n Fi Èébú Ro

Jasib bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì gbé ìkòkò harisa ka ẹsẹ̀ irin. Ìkòkò náà tóbi débi pé tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ á padà wá bá a láti ìsàlẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi jókòó déédéé, nítorí ìkòkò tó bá dagun máa ń kó àlìkámà jọ sójú kan, ibi tó bá sì kó jọ sí náà ni yóò jó. Lẹ́yìn ìyẹn ló dọ̀bálẹ̀ wo iná gáàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò kan ti dí. Ó fa abẹ́rẹ́ yọ létí fìlà rẹ̀, ó fi tú ihò náà, iná tó sì yọ níbẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ní Kazimiyya ní ìlú Baghdad nìyẹn. Gbogbo iná ìdáná tó bá ń hu èéfín, tó ń tutọ́, tàbí tó kọ̀ láti tàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ yìí kì í ṣe ti oníbàárà. Ọjọ́ ìrántí ikú Ìmáàmù Musa ọmọ Jaafar ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní al-Kazim, ìyẹn ẹni tó ń gbé ìbínú rẹ̀ mì. Àwọn èrò ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ ìlú láti gbogbo ọ̀nà, wọ́n ń lọ sí ibojì rẹ̀ níbi tí òrùlé oníwúrà méjì ti ń kọ mànà ní ìparí òpópónà. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan pa àgọ́ sẹ́bàá ọ̀nà láti bọ́ wọn. Harisa ni ti àdúgbò Jasib, àlìkámà àti ẹran àgùntàn tí wọ́n ń ro pọ̀ títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ ọkà àti èyí tó jẹ́ ẹran mọ́. Láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni ọmọrogùn àgọ́ náà ti ń gbé ilé wọn. Ó gùn tó ènìyàn, ojú ibi tí wọ́n ti ń dì í mú sì ti dán bí awo.

Lọ́dún yìí, ọmọrogùn náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá ló fà á. Ọkùnrin kan tó ti Basra rìn wá tọ́ harisa wò, ó sì rọra bèèrè bóyá iyọ̀ ti wọ́n ní Baghdad. Jasib gbé ọmọrogùn, ó sì lé e dé orí afárá. Wọ́n ní ọkùnrin náà dé ibojì Ìmáàmù ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ gan-an pé Ìmáàmù mú kí ẹsẹ̀ òun fúyẹ́. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí, àfi Sayyid Nuri, àgbàlagbà aláwàní dúdú tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ Ànọ́bì, tó sì jẹ́ olórí àgọ́. Ó ní báwo ni àwọn á ṣe máa fi ọwọ́ ẹni tí kò lè gbé ọ̀rọ̀ iyọ̀ mì bọ́ àlejò Ìmáàmù tó gbé ìyà ọgbà ẹ̀wọ̀n mì. Bó ṣe dá ẹjọ́ náà nìyí: tí Jasib bá pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, tó bá bú ènìyàn, tàbí tó gbé ọmọrogùn kúrò nínú ìkòkò sí ẹnikẹ́ni kí abọ́ ìkẹyìn tó jáde, ọmọrogùn di ti Khazal.

Khazal yìí, àbúrò ìyàwó Jasib ni. Aṣọ ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà ibojì, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ lọ. Láti ọjọ́ tí Jasib ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti wà lára ọmọrogùn náà.

Àlìkámà ti mu omi dáadáa, ẹran ti rọ̀, wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Jasib ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ni Khazal yọ, ó ti fárùngbọ̀n, ó wọ jalàbíà funfun tuntun, tẹ̀súbáà ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí Sayyid, ó kí àwọn obìnrin tó ń ṣa abọ́, ó wá fara balẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ìkòkò.

“Àna mi,” ó ní, “mo kàn ní kí n wá wo ọmọrogùn mi ni. Rọra dì í mú o, kí òógùn ọwọ́ rẹ má bà á jẹ́ fún mi.”

Ọrùn Jasib wú. Umm Mizhir, ìyàwó rẹ̀, ìyá Mizhir ọmọ wọn àgbà, rí ọrùn náà. Ó mọ ọrùn yẹn bí ẹni mọ ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ̀. Ó bu omi sínú ife, ó gbé e lọ bá ọkọ rẹ̀.

“Abu Mizhir, fi omi yìí sẹ́nu. Má gbé e mì, má sì tu ú. Jẹ́ n wo bó o ṣe máa fi bú àbúrò mi.”

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Khazal sọ̀rọ̀ nípa iná tí kò jó dáadáa, Jasib dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹran tó ní àgùntàn rẹ̀ ti dàgbà tó láti mọ ọba àtijọ́, Jasib dákẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí bíi bọ́ọ̀lù. Ni Khazal bá yíjú sí Sayyid, ó ń ròyìn ọjọ́ ìgbéyàwó Jasib fún un, bí ọkọ ìyàwó ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tó gbójú sókè, tó rí ọkùnrin kan tó fajú ro nínú dígí, tó sì béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé kí ló ń wò. Òótọ́ ni ìtàn yìí. Jasib gan-an mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹ̀rín bú lọ́fun rẹ̀, omi gba ẹnu, ó gba imú, gbogbo rẹ̀ sì bà sára jalàbíà tuntun.

Khazal fò dìde, ó ní ó ti parí, òun ti ṣẹ́gun, kí Sayyid gba ọmọrogùn fún òun. Sayyid Nuri fọwọ́ kan ara jalàbíà náà, ó rò ó díẹ̀, ó sì ní omi náà tutù. Tó bá jẹ́ ti ìbínú ni, ì bá gbóná. Ó ní kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ.

Khazal lọ, ó sì kó èrò dé. Àlejò kan láti Najaf ló kọ́kọ́ mú wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wo inú ìkòkò, tó mi orí, tó sì ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn pé lọ́dọ̀ àwọn ní Najaf, irú nǹkan báyìí ni àwọn bíríkìlà fi ń mọ ilé. Kí Jasib tó mí délẹ̀, Hajjiya Badriya tó ń gbé ilé kejì ti dé. Ìyá àgbà ni, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó ní èrò burúkú nínú. Ó kàn béèrè tìfẹ́tìfẹ́ ìdí tí Jasib fi ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Òun, inú ìkòkò kékeré tó ń fọn fèrè yẹn ni òun ń se ti òun sí, yóò sì ti jinná kí tíì òun tó tutù.

Àwọn tó ń ṣa abọ́ dáwọ́ dúró. Ní Kazimiyya, ènìyàn lè sọ̀rọ̀ sí ẹran ẹni, ó lè sọ̀rọ̀ sí iyọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n láti ní ìkòkò tó ń fọn fèrè lè se harisa, ìyẹn jù. Omi kò sí lẹ́nu Jasib mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbé ọmọrogùn bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀, Khazal sì ti ń rọra na ọwọ́ tirẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbà á.

Ohun tó dá a dúró kì í ṣe ìwà rere. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ara rẹ̀ ṣe gbóná yẹn, ó rántí sítóòfù elékerosíìnì, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ti afẹ́fẹ́ sínú táǹkì rẹ̀. Tí ihò ibi tí iná ń gbà bá dí, tí ẹni tó ni ín ò sì yé ti afẹ́fẹ́ sí i, ohun tó wà nínú táǹkì kì í parẹ́. Ó ń wá ibi tó máa gbà ni. Omi tó fi sẹ́nu láàárọ̀, ihò ló fi dí. Báwo wá ni Ìmáàmù ṣe ṣe tirẹ̀? Wọ́n máa ń sọ ọ́ nínú àgọ́ lọ́dọọdún pé nígbà tí Harun ọba jù ú sẹ́wọ̀n, ẹ̀ṣọ́ kan wo inú yàrá rẹ̀ láti òkè, ó sì rò pé aṣọ kan ni wọ́n gbàgbé sórí ilẹ̀. Ìmáàmù ni, ó forí kanlẹ̀ látàárọ̀, kò gbé e sókè. Jasib ti gbọ́ ìtàn yẹn láti kékeré, kò sì rí i rí bó ṣe rí i lọ́jọ́ yìí. Ìmáàmù ò dí táǹkì pa. Ó ṣí i sí ibi tó yẹ, níwájú Ọlọ́run.

Òun kì í ṣe Ìmáàmù. Tó bá forí kanlẹ̀ láàárín wákàtí yìí, harisa á jó. Ṣùgbọ́n ọmọrogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó fi gbogbo ohun tí Hajjiya Badriya sọ tì í dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin, ó sì fà á. Nǹkan kan fọ́ lábẹ́ rẹ̀, gbìrígbìrí, bí ẹni tẹ iyanrìn.

Ẹni tí kò bá ro harisa rí lè rò pé kí ènìyàn ṣáà ti máa yí igi ni. Àlìkámà ò gbọ́ ti yíyí. Tí o bá ń yí igi, á máa sá níwájú igi, á máa bá ọ ṣeré yípo ìkòkò títí ilẹ̀ á fi ṣú, èèpo rẹ̀ á sì wà lára rẹ̀ digbí. Àfi kí o dè é mọ́lẹ̀ láàárín igi àti irin, kí o fi ìwọ̀n ara rẹ lé e. Ìgbà yẹn ni funfun inú rẹ̀ á tú jáde tí omi á sì ki. Ẹran náà, fífún ló fẹ́, kí ó lè já sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo èyí ni Jasib mọ̀, bàbá rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n apá ènìyàn ni apá ènìyàn ń jẹ́. Tó bá ti di ọ̀sán, gbogbo wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí igi.

Lọ́jọ́ yìí, apá Jasib ò rẹ̀. Ará Najaf dárúkọ síméǹtì, àlìkámà apá ọ̀hún ìkòkò fọ́. Khazal ní bí Jasib ṣe ń mí yìí, àwọn èrò á rò pé màlúù ni wọ́n fi ń ro ó, ti ìsàlẹ̀ pátápátá fọ́. Jasib ń làágùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ọmọrogùn ń lọ, ó ń bọ̀. Khazal rí ojú pípọ́n yẹn, ó rò pé ó kù díẹ̀, ó sì tún múra sí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ fura ni Sayyid Nuri. Ó ti sún àga rẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ó wo inú rẹ̀, ó wo Khazal, ó tún wo inú rẹ̀. Ó kàn ní kí wọ́n gbé tíì wá fún Khazal, kí wọ́n fi ṣúgà sí i dáadáa, kí ohùn rẹ̀ má bàa há.

Nígbà tó ṣe, Jasib dúró díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Ó gbọ́n díẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ra á bí ẹni ń wo òróró ẹ́ńjìnnì.

“Khazal,” ó ní, ohùn rẹ̀ tutù, “ti apá ọ̀tún ò tíì fọ́ délẹ̀. Jọ̀ọ́, tún sọ èyí tó o sọ nípa bàbá mi.”

Khazal rò pé ó ń gbó òun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn lẹ́nu rẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀. Ó ní nígbà ayé bàbá Jasib, títọ́wò ni bàbá náà ń tọ́ harisa wò, tó ń tọ́ ọ wò, títí kò fi ní ku nǹkan kan fún àwọn èrò ju òórùn lọ.

Jasib fi ara tì í, ó fọ́ àlìkámà apá ọ̀tún. “O káre. Ó ku ẹ̀gbẹ́ òsì.”

Nígbà yẹn ni ó yé àwọn èèyàn. Onígbàjámọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní òun ní èébú kan tí òun ti tọ́jú látọjọ́ tí Jasib ti tún sítóòfù òun ṣe. Wọ́n ní kó tò sẹ́yìn. Hajjiya Badriya padà wá, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun wúlò tó bẹ́ẹ̀, ó sì tún ti ìkòkò tó ń fọn fèrè sọ látòkè délẹ̀. Àwọn èrò tó ń kọjá dúró, wọ́n béèrè bóyá àlejò náà lè bú u. Sayyid ní kò sí ewu, kí wọ́n ṣáà má bú òkú rẹ̀ jù. Umm Mizhir ló kẹ́yìn. Ohun tó sọ sétí ọkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ kò sí hóró kan ṣoṣo tó kù lódindi nínú ìkòkò náà.

Sayyid Nuri mú ṣíbí, ó bù ú, ó gbé e sókè. Harisa tẹ̀lé ṣíbí náà láti inú ìkòkò, ó ń fà, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì já títí ṣíbí fi dé iwájú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó di ojú. Nígbà tó là á, Khazal ló wò.

“Ọlọ́run á san án fún ẹ, Khazal. Ìwọ lo ro ó.”

Khazal wo ṣíbí. Ó wo ìkòkò. Ó wo àwọn tó tò láti bú àna rẹ̀, tí inú gbogbo wọn ń dùn. Ó wá yé e pé látàárọ̀ ni òun ti ń fi ẹnu òun ṣiṣẹ́ apá fún Jasib. Ó la tẹ̀súbáà mọ́lẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sì tú ká sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó pariwo pé wọ́n ti sọ òun di alágbàṣe, pé jàǹdùkú ni gbogbo àdúgbò, pé Sayyid gan-an mọ̀ sí i. Ariwo náà lọ jìnnà débi pé àwọn tó ń bọ̀ lórí afárá béèrè bóyá ìdárò ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba àárín èrò kọjá, ó lọ sílé.

Gbogbo ojú wá bà lé Jasib. Wọ́n ń retí kó rẹ́rìn-ín. Ó sì wu ú gidigidi. Ó ti ń tò ó lọ́kàn bí yóò ṣe máa sọ ọ́ lọ́dọọdún, ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bí tẹ̀súbáà ṣe tú. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún èrò. Nígbà tí abọ́ àkọ́kọ́ ti lọ, tí ìkejì ti tẹ̀lé e, ó bu ọ̀kan tó kún, ó da bọ́tà yíyọ́ lé e, ó wọ́n ṣúgà àti sínámónì sí i, ó gbé e lọ sílé Khazal.

Lọ́nà ni ìtàn kan ti sọ sí i lọ́kàn, èyí tí àwọn ìyá máa ń sọ fún ọmọ tó bá jà. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà ní Medina tó máa ń bú Ìmáàmù al-Kazim níbikíbi tó bá ti rí i. Àwọn ènìyàn Ìmáàmù ní àwọn á pa á. Ó kọ̀. Ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ bá ọkùnrin náà lóko, ó sì gba àárín irè oko kọjá tààrà, tí olóko ń pariwo pé ó ń tẹ nǹkan òun mọ́lẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó tì í, ó bá a ṣàwàdà, ó béèrè ohun tó ń retí láti rí nínú oko yẹn, ó sì fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin náà ló ń dìde fún Ìmáàmù ní mọ́ṣáláṣí.

Jasib ò ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n harisa wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ látàárọ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu ọ̀nà Khazal. Ó gba orí rẹ̀ kọjá. Khazal pariwo látinú ilé pé ilẹ̀ òun, ilẹ̀ òun. Jasib jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé abọ́ kalẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì béèrè ohun tó ń retí lára ọmọrogùn náà gan-an.

Khazal fi ìka gbé bọ́tà tó wà létí abọ́.

“Ọdọọdún ni mò ń ká aṣọ ọjà mi kúrò nílẹ̀,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Tí ọjọ́ Ìmáàmù bá dé, onígbàjámọ̀ ń pín omi, àwọn obìnrin ń ṣa abọ́, ìwọ ń ro ìkòkò. Èmi, mi ò mọ ibi tí wọ́n ní kí n dúró sí. Mo kàn ń rìn káàkiri ni.”

Jasib gbọ́. Ó wò ó bí ó ṣe ń wo iná tó ń tutọ́, tí wọ́n ti ń fi gbogbo agbára ti afẹ́fẹ́ sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì wo ibi tó yẹ kó gbà jáde. Ó ní kó jẹun tán, kó wọ bàtà.

Wọ́n padà dé bí oòrùn ti ń kúrò lára àwọn òrùlé wúrà. Wọ́n ti gbé pósí àpẹẹrẹ Ìmáàmù kọjá lórí èjìká, ọ̀nà sì ti ń dákẹ́. Èrò tó ń jẹun dín kù, ìkòkò ń fi ìsàlẹ̀ hàn. Obìnrin kan tó rìn láti Kut ló gba abọ́ ìkẹyìn, ó fi búrẹ́dì nù ún mọ́, ó tún fi ìka nù ún, ó sì béèrè lọ́wọ́ Sayyid irú ẹni tó ro ó. Sayyid ní àwọn méjì ni.

Ó gbé ọmọrogùn náà fún Jasib lójú gbogbo àdúgbò, ó ní ẹjọ́ ti tán lórí rẹ̀, kò tún ní sí nínú ìdájọ́ mọ́ títí ayé Jasib. Jasib gbà á. Ó wá ní òun náà ní ẹ̀bẹ̀ kan. Lẹ́yìn tí Khazal ti lọ sílé, ìkòkò ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn kankan mọ́, òun sì mọ̀ ọ́n lápá. Kí wọ́n fún Khazal ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, kó jẹ́ tirẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i.

Sayyid Nuri dìde, ó sì ti àga tí òun gan-an jókòó lé látàárọ̀ sí i. Khazal yí i ká, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó jókòó lé e, ó wo inú ìkòkò òfìfo láti ibẹ̀. Ó ní àga náà ti lọ sílẹ̀ jù fún irú iṣẹ́ tí òun fẹ́ máa ṣe, àti pé ẹni tó gbé irú àga báyìí fún ènìyàn, ó dájú pé irú àlìkámà tó ń rà náà nìyẹn.

Jasib lọ wá bíríkì tí yóò fi gbé e ga.